Ewé Tí A Fi Ń Sin Oyin

Toronto,
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà, 2017.

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Ara mi le, mò ń jẹun, aṣọ òtútù wà lọ́rùn mi.

Irọ́ ni Nazario ọmọ abúlé wa pa. Wọn kò mú mi pé mo ń sin òògùn sórí òrùlé báǹkì. Mo mọ̀ pé ohun tó sọ fún yín nìyẹn, nítorí ó pè mí lẹ́yìn náà láti bi mí bóyá òògùn ọ̀hún ti jẹ́. Ọlọ́pàá kankan kò wá. Ẹ̀ṣọ́ báǹkì ló wá, ẹnì kan ṣoṣo, ó sì bẹ̀rù mi ju bí mo ṣe bẹ̀rù rẹ̀ lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ gan-an rèé. Ẹ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Pell tí mò ń bá ṣiṣẹ́, àpótí oyin ni wọ́n ń gbé sórí òrùlé àwọn ilé ńláńlá ìlú yìí. Báǹkì á ní ká gbé méjìlá wá, wọ́n á sì kọ ọ́ sára gíláàsì ẹnu ọ̀nà pé, "À ń gba oyin là." Hótẹ́ẹ̀lì tó kọjú sí wọn á rí i, òun náà á ní ká gbé mẹ́rìnlá wá. Ní òpópónà kan ṣoṣo báyìí, mo ti ka ọgọ́rin àpótí. Òdòdó tó wà ní òpópónà náà kò tó èyí tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná yín.

Màámi, oyin mìíràn ti ń gbé ibí kí àpótí tó dé. Wọ́n tóbi, ara wọn kún fún irun bí aṣọ òtútù, wọ́n sì ń kùn bí ọkọ̀ tó ń gun òkè. Inú ihò ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Kò sẹ́ni tó ń sìn wọ́n, kò sẹ́ni tó ń kọ orúkọ wọn sára gíláàsì. Tí mo bá gun òrùlé báǹkì láàárọ̀, màá bá wọn lórí àwọn òdòdó inú ìkòkò, wọ́n á ti rọ. Oyin àpótí ti lá gbogbo òdòdó gbẹ láti àná. Àwọn mìíràn á máa wọ́ nílẹ̀ bí arúgbó tó ń wá ọ̀pá rẹ̀.

N kò lè gbá wọn dànù. Mo ṣe ohun tí ẹ máa ń ṣe tí oyin bá ṣèèṣì kú sí yín lọ́wọ́: mo já ewé, mo dì wọ́n sínú rẹ̀, mo sì sin wọ́n sínú ìkòkò òdòdó. Ẹ̀ṣọ́ yà mí ní fọ́tò. Ọ̀gá báǹkì, obìnrin kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó gbọ́ ohun tó pani lẹ́rìn-ín, pe ìpàdé. Ó bi mí pé kí ni mo sin. Mo ní òkú ni. Ó bi mí pé òkú ta ni.

Mo ní, "Òkú àwọn tí oyin yín gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Ẹ kó agbo màlúù wọnú igbó àgbọ̀nrín, ẹ wá ń sọ fún aráyé pé ẹ ń gba ẹran igbó là."

Ọ̀gbẹ́ni Pell bẹ̀ wọ́n, ó ní èdè wọn ni kò tíì yé mi dáadáa.

Wọn kò lé mi. Wọ́n kàn mú mi kúrò lórí òrùlé ni, mo wà ní yàrá tí a ti ń lẹ ìwé mọ́ ìgò oyin. N kò sì ní fi wọ́n sílẹ̀, nítorí mo ti fọwọ́ sí i pé màá ṣiṣẹ́ títí di Oṣù Kẹwàá, àti nítorí pé lọ́jọ́ tí mo dé, Ọ̀gbẹ́ni Pell bọ́ ẹ̀wù òtútù ọrùn rẹ̀ wọ̀ mí. Ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín pòrúúru. Àwọn tó dúró tì mí lórí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ méje: àwọn mẹ́fà tí a jọ ń gbé àpótí, àti Teresita, obìnrin ará Filipíìnì tó ń nu òkè báǹkì. Mo kà wọ́n dáadáa.

Báwo ni àwọn igi oyin yín, àwọn ìtì oníhò tí wọ́n ń gbé? Ṣé méjèèjìlélógún pé? Tí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀, ẹ fi ìgò kékeré kan rán an sí mi. Ojú ń ta mí.

Ọmọ yín,
Wilberth.


Yaxkabil,
Ọjọ́ kejìdínlógún, Oṣù Keje.

Wilberth ọmọ mi,

Mo gba ìwé rẹ. Ọpẹ́ ni pé kì í ṣe òògùn. Mo ti sọ fún ìyá Nazario pé ọmọ tí kò lè pa irọ́ kan kó dúró, òògùn wo ni yóò ṣe? Ìwé ni kí o ṣì máa kọ sí mi. Tí mo bá ń bá ọ jà lórí fóònù, ó máa ń já kí n tó débi tó dùn.

Ìjà ló sì wà nílẹ̀ kí n tó dúpẹ́. Kí ló dé tí o fi irú ẹ̀bùn yìí pamọ́ fún mi? Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n sì sọ ogójì àpótí oyin kalẹ̀. Àpótí funfun ni gbogbo wọn, ojú rẹ sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ, Wilberth, nígbà ogójì, èyí tí wọ́n yà nígbà tí o ṣì sanra. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Wilberth ń gba oyin abúlé rẹ̀ là." Gbogbo abúlé wá wò ó. Don Eligio, olórí abúlé wa, sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi yí kúrò lórí fìlà rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ ẹlòmíràn ń fi ẹ̀rọ amómitutù ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ Doña Fidelia fi ohun tó ń mí ránṣẹ́.

Ọ̀dọ́ méjì láti ilé iṣẹ́ yín ló bá ẹrù náà wá. Mo ṣàlàyé fún wọn pé àsìkò òjò nìyí, pé igbó tutù lóòótọ́ ṣùgbọ́n òdòdó wọ́n, pé kí wọ́n jẹ́ kó di Oṣù Kejìlá tí òdòdó tajonal yóò bo gbogbo ilẹ̀. Ọmọbìnrin àárín wọn ṣí ìwé kan, ó fi hàn mí pé àsìkò oòrùn la wà, àsìkò òdòdó. Mo wo ìwé náà, mo wo omi òjò tó ń kán sórí rẹ̀. Don Eligio ní ká fara mọ́ ohun tí ìwé wí.

Mo tún sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó ń gbé àpótí sítòsí igi oyin. Ìwọ náà mọ̀ pé inú igbó ni Don Eligio kó tirẹ̀ sí láti ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n ní inú igbó kò ní hàn nínú fọ́tò. Ibẹ̀ ni wọ́n wà báyìí, létí ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ní ìpẹ̀kun àgbàlá mi. Ọgọ́rin ìṣísẹ̀ ni láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn xunan kab mi, àwọn oyin inú igi.

Wọ́n fẹ́ ya èmi àti àwọn xunan kab náà. Wọ́n gbé aṣọ funfun wá, tòun ti àwọ̀n ojú. Mo ní oyin yìí kì í ta ènìyàn, pé ọmọ ọwọ́ ni Wilberth nígbà tó ń ki ìka bọ ẹnu ọ̀nà wọn. Ọmọbìnrin yẹn ní tí n kò bá bẹ̀rù, àwọn ará ọ̀hún kò ní gbà pé oyin ni. Ni mo bá wọ̀ ọ́. Ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ilé mọ́kànlá la pín àpótí náà fún níbi tí wọ́n dúró sí, inú gbogbo wọn sì ń dùn. O ṣeun, ọmọ mi. Igi méjèèjìlélógún ṣì wà. Ìkẹta kò kùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ti sin ewé márùn-ún lọ́sẹ̀ yìí. Bóyá òjò ni.

Ìyàwó Nazario ń bọ̀ lọ́hùn-ún, ìgò oyin rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ni kí o kán an sí, má fi jẹ búrẹ́dì.

Ìyá rẹ,
Fidelia.


Toronto,
Ọjọ́ karùn-ún, Oṣù Kẹjọ.

Màámi,

Ẹ má bínú pé n kò kí yín kí n tó sọ̀rọ̀. N kò fi àpótí kankan ránṣẹ́.

Ẹnu mi ló fà á. Ní Oṣù Kejì, à ń jẹun ọ̀sán, Ọ̀gbẹ́ni Pell bi wá bóyá ẹnì kan nínú wa ní àwọn ẹbí tó ń sin oyin. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ ẹnì kan ni mí. Mo ní ìyá mi ní igi oyin méjìlélógún, èyí tí ìyá ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀, pé oyin tí kò ní oró ló wà nínú wọn. Mo ní tẹ́lẹ̀, gbogbo àgbàlá ló ní tirẹ̀. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀, ó bi mí pé níbo ni ìyókù lọ. Mo ní wọ́n ti gé igbó, àpótí sì ti pọ̀ jù. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Mo rí ìwé náà lánàá. Ohun tó kọ ni pé, "Abúlé Wilberth kò ní oyin tó."

Màámi, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ọ̀gá iléèwé wa ṣe máa ń ṣe é. Àpótí kan lè ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ẹnu. Ogójì àpótí ju mílíọ̀nù kan lọ. Igi yín kan, bóyá ló ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Àwọn oyin àpótí kì í ṣe olè. Ebi ń pa wọ́n bíi ti ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn pọ̀ ni, gbogbo wọn sì jọ ń jí lọ síbi kan náà. Kì í ṣe tiyín nìkan ni wọn yóò gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Ẹ rántí àwọn kékeré tó ń sùn nínú òdòdó elégédé, àwọn dúdú tó ń gbẹ́ igi gbígbẹ, labalábá, àti ẹyẹ tíńtín tó ń dúró sójú kan lófuurufú tó fi ń mu omi òdòdó.

Ẹ kó àpótí náà kúrò. Ẹ kó wọn kọjá tàwọn Don Eligio, jìnnà réré. Ẹ má wo ojú mi tó wà lára rẹ̀. Tí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ lọ jókòó sí oko elégédé ní ìdájí bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ẹ mú ogún òdòdó, kí ẹ ka ẹni tó ń wọlé.

Àwọn tó dúró tì mí ku mẹ́rin. Àwọn méjì ní àwọn ní ọmọ nílé. Ẹ̀kẹta ni wọ́n fún ní ipò mi lórí òrùlé.

Wilberth.


Yaxkabil,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹjọ.

Sí Wilberth Tuz,

Mo gba ìwé rẹ. Ara mi le, bí o kò tilẹ̀ béèrè.

Ìwọ lo wá ń kọ́ mi nípa oyin. Ọjọ́ mẹ́jọ péré lo pé láyé nígbà tí mo fi oyin yìí tọ́ ọ lẹ́nu. Ẹnu wo lo fẹ́ kí n fi sọ fún ilé mọ́kànlá pé kí wọ́n gbé ẹ̀bùn ọmọ mi kúrò lójú mi? Doña Bartola ti kun òdòdó yí ojú rẹ ká lára tirẹ̀, mo sì ń bẹ̀rù pé yóò tan àbẹ́là sí i láìpẹ́. Don Eligio ní ìlara ló ń ṣe ọ́ torí pé wọ́n mú ọ sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé. Mo ní ọmọ mi kì í ṣe ìlara. Ṣùgbọ́n mo ronú sí i díẹ̀.

Èmi kò ní lọ jókòó sínú ìrì kí n máa ka òdòdó, pẹ̀lú orúnkún mi yìí.

Igi kẹta ti ṣófo. Má béèrè àwọn yòókù. Ewé ẹ̀yìnkùlé ti ń tán.

Má kọ ohunkóhun sí mi lórí ọ̀rọ̀ àpótí mọ́.

Fidelia Cahuich.


Toronto,
Ọjọ́ ogún, Oṣù Kẹsàn-án.

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Orúnkún ńkọ́? Mo kọ̀wé ní ọjọ́ kẹfà oṣù yìí, ẹ kò fèsì. Bóyá ẹ kà á, bóyá ẹ fi dáná. Màá tún kọ.

Wọ́n ti lé mi. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí Nazario tó sọ pé mo jó báǹkì.

Ilé iṣẹ́ wa ṣe àsè alẹ́ fún gbogbo àwọn tó ní àpótí lórí òrùlé. Èmi ni mo ń gbé abọ́ ìgò oyin kiri. Wọ́n paná, wọ́n sì fi fọ́tò kan hàn lára ògiri, ó ga tó ilé. Ẹ̀yin ni, nínú aṣọ funfun, àwọ̀n bo ojú yín, igi oyin yín níwájú. Ọ̀gbẹ́ni Pell ní obìnrin akọni yìí ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu lójoojúmọ́ nítorí oyin. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá báǹkì nu omijé.

Mo gbé abọ́ sílẹ̀. Mo ní, "Ìyá mi nìyẹn. Oyin tó wà níwájú rẹ̀ kò ní oró, ẹ̀yin lẹ wọ aṣọ ìbẹ̀rù fún un. Àwọn tí ẹ kó lọ bá a ló ní oró, wọ́n sì ń jẹ oúnjẹ àwọn tó bá nílé. Ẹni tó bá ti rí oyin onírun tó ń wọ́ nílẹ̀ lórí òrùlé ara rẹ̀, kó dìde."

Mo kà. Nínú àwọn mẹ́rin tèmi, ẹnì kan lọ sí ilé ìtọ̀, àwọn méjì sì rí nǹkan pàtàkì nínú àwo ọbẹ̀ wọn. Teresita nìkan ló wà lórí ìdúró. Òótọ́ ni pé ó ti wà lórí ìdúró láti ìrọ̀lẹ́, torí wọ́n ní kó wá bá wọn kó àwo. Ṣùgbọ́n kò kúrò lójú kan, kò sì wolẹ̀, tòun ti àwọn àwo lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kà á mọ́ ọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Pell ní ọkàn mi dára, àmọ́ n kò dára fún fọ́tò. Mo ká ẹ̀wù òtútù rẹ̀, mo fi lé orí tábìlì. Ó ní kí n mú un lọ, òtútù ń bọ̀. Mo mú un. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, Màámi. Ọ̀rọ̀ ni kò gbọ́.

Mò ń ṣa ápù lóko ẹnì kan báyìí títí oṣù tó ń bọ̀. Ẹyọ ẹnì kan ló kù tó dúró tì mí. Ẹ sọ fún mi bóyá kí n ka ẹ̀yin náà, kí n lè kọ méjì sílẹ̀.

Ọmọ yín,
Wilberth.


Yaxkabil,
Ọjọ́ kẹjọ, Oṣù Kẹwàá.

Wilberth ọmọ mi,

Mo kà wọ́n. Àárọ̀ mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àárọ̀ ọjọ́ kan ló ṣèèṣì. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni ibi tí mò ń lọ. Ogún òdòdó elégédé, oyin àpótí mọ́kànlélọ́gọ́ta. Oyin elégédé tiwa kékeré, mẹ́ta, ìgbà tí òdòdó ń pa dé ni wọ́n sì dé. Xunan kab, kò sí. Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, oko kan náà, ogún òdòdó, mẹ́rìnlélógójì lo kà nínú àwọn kékeré yẹn. O fi èédú kọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Mo padà wálé, mo sì dúró níwájú ilẹ̀kùn náà títí àkàrà àgbàdo tòtíyà fi jóná lórí iná.

Nígbà tí mo kọ̀wé burúkú yẹn sí ọ, igi mẹ́ta ló ti ṣófo, kì í ṣe ọ̀kan. N kò lè sọ ọ́, nítorí pé ojú rẹ ló wà lára àpótí. Mẹ́jọ ló ti ṣófo báyìí, mẹ́rìnlá ló kù. Ewé tán lóòótọ́. Igi tó kẹ́yìn, odidi ni mo gbé e sin.

Mo lọ bá Don Eligio. Ó ní ká kọ́kọ́ kọ̀wé gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́. Mo bi í pé ta ló fún un láṣẹ tó fi kó tirẹ̀ sínú igbó láti ọgbọ̀n ọdún. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó lọ mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin la fi kó wọn, lẹ́yìn tí oyin bá ti wọlé, a ó di ẹnu ọ̀nà wọn, a ó gbé wọn lọ sẹ́yìn oko màlúù àtijọ́, ìrìn wákàtí mẹ́ta. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló lọ. Mọ́kànlá kù, nítorí ilé méjì ò gbà, Doña Bartola sì ní kò sẹ́ni tó lè ṣí ẹni mímọ́ nípò. Ìwọ ló ń pè bẹ́ẹ̀. Mo bó ojú rẹ kúrò lára àwọn tó lọ, wọ́n wà nínú àpótí aṣọ mi. N kò fẹ́ kí òjò máa lù ọ́ nínú igbó.

N kò mọ̀ bóyá àwọn mẹ́rìnlá yìí yóò dé àsìkò tajonal. N kò ní purọ́ fún ọ mọ́.

Ilé iṣẹ́ yẹn ti tún kọ̀wé. Wọ́n gbọ́ pé oyin inú igi ti ṣọ̀wọ́n, wọ́n sì fẹ́ kí n ta mẹ́wàá fún wọn, kí wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà àwọn ọ́fíìsì, kí wọ́n lè gbà á là. Mo fèsì pé: "Oyin mi kò ní oró. Èmi ní."

O ní ṣé kí o kà mí. Kà mí. Lẹ́yìn ìyẹn, jáwọ́ nínú kíkà ènìyàn. Nígbà tí mò ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ sídìí ọkọ̀ pẹ̀lú àpótí àkọ́kọ́, n kò wẹ̀yìn wo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Ká ní mo wò, bóyá ǹ bá ti dúró.

Máa bọ̀ nílé kó tó di ọjọ́ àwọn òkú wa. Màá ri pib méjì, àkàrà àgbàdo ńlá wa, sínú ilẹ̀ gbígbóná, ọ̀kan fún bàbá rẹ tó ti lọ, ọ̀kan fún ìwọ tó ń bọ̀. Adìẹ ló wà nínú tìrẹ.

Ìyá rẹ,
Fidelia.


Toronto,
Ọjọ́ kọkànlélógún, Oṣù Kẹwàá.

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú orúnkún. Ẹ kú àwọn mẹ́jọ tó lọ.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni màá dé. Ẹ má wá pàdé mi, ẹ má sì jẹ́ kí Don Eligio kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Kí ẹ fi ilẹ̀kùn ilé ìdáná sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ má nù ún. Mo fẹ́ kọ iye tiyín sábẹ́ tèmi, ká sì máa kà á lọ́dọọdún. Mo fẹ́ bá Doña Bartola sọ̀rọ̀ náà. Bóyá tó bá rí i bí mo ṣe rù tó, kò ní bọ mí mọ́.

Lánàá, Teresita fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú mi gun òrùlé báǹkì kí n lọ dágbére. Àwọn àpótí ti di méjìdínlógún. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lẹ ìwé kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìkòkò òdòdó, kò sí níbẹ̀ nígbà tèmi. Ọ̀gá báǹkì ló fọwọ́ sí i: "A bẹ gbogbo òṣìṣẹ́, ẹ má ṣe sin oyin sínú àwọn ìkòkò yìí mọ́."

Mo bi Teresita bóyá òun ni. Ó ní ewé ẹ̀fọ́ tútù ilé oúnjẹ lòun ń lò, àti pé ìkòkò kan péré ni tòun, èyí tó wà ní igun.

Ìkòkò mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, Màámi. Òkìtì kéékèèké wà nínú gbogbo wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti apá ọ̀tún, bí ọ̀gá iléèwé wa ṣe kọ́ wa. Ní ìkòkò kẹta, Teresita fà mí lọ́wọ́, ó fi oyin onírun kan hàn mí lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, kò mira mọ́. Mo dáwọ́ kíkà dúró, mo sì lọ wá ewé.

Ọmọ yín,
Wilberth.